Shahata, Ẹni Tó Ń Fi Ikú Jẹun

Bí ẹ bá fẹ́ mọ iye ìgbà tí Shahata ti kú, ẹ má bi í ní òwúrọ̀, nítorí bó bá bẹ̀rẹ̀ ìtàn yẹn, oúnjẹ ọ̀sán á bá yín lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n ti yìnbọn pa á. Wọ́n ti bu májèlé sí kọfí rẹ̀. Rélùwéè ti gé e sí méjì. Ó ti kú sínú odò Náílì lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ọ̀kan nínú rẹ̀ sì jẹ́ inú oṣù Jánúárì, tí òtútù fẹ́ sọ eré di òótọ́. Ikọ́ ẹ̀gbẹ ti pa á, gbèsè ti pa á, ìfẹ́ náà sì ti pa á lẹ́ẹ̀kan, ó ní ìyẹn ló dùn jù torí pé orí bẹ́ẹ̀dì ni. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tó ti ń ṣe òkú nínú fíìmù, ní àwọn sítúdíò tó wà ní ọ̀nà Píràmídì, àwọn olùdarí kò sì fi orúkọ pè é rí. "Ẹ bá mi wá Òkú wá," ni wọ́n máa ń wí, gbogbo ayé á sì mọ ẹni tí wọ́n ń bá wí.

Ẹ má rò pé iṣẹ́ ọ̀lẹ ni. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ṣe á di ojú pinpin, ìpéǹpéjú rẹ̀ á sì máa gbọ̀n títí tí gbogbo sinimá á fi mọ̀ pé irọ́ ni. Shahata kì í di ojú pinpin. Á yí ẹyinjú sísàlẹ̀ lábẹ́ ìpéǹpéjú, bíi pé ó ń wá nǹkan lórí imú ara rẹ̀, ojú á sì dákẹ́ jẹ́ẹ́. Kì í fi àyà mí, ẹ̀yìn ló fi ń mí, níbi tó kan ilẹ̀ tí kámẹ́rà ò lè dé. Kì í jẹ ẹ̀wà lọ́jọ́ tó bá fẹ́ kú. Eṣinṣin ni ọ̀tá rẹ̀ kan ṣoṣo, kẹrosíìnì díẹ̀ tó ń fi sí ẹ̀yìn etí ló sì fi ń lé wọn.

Inshirah, ìyàwó rẹ̀, kò fẹ́ràn iṣẹ́ yìí rárá. Bí ọkọ rẹ̀ bá ti ibi ikú dé, kò ní jẹ́ kó wọlé àfi bó bá fo tùràrí tó ń jó lẹ́nu ọ̀nà lẹ́ẹ̀meje. Nínú gbogbo ilé tó wà ní Shubra, àwa tí à ń gbé àdúgbò yẹn mọ̀ pé bí òórùn tùràrí bá ti gba àtẹ̀gùn kan, Shahata ti kú nìyẹn, ẹran á sì wà nínú ọbẹ̀ wọn lọ́la.

Ilé kọfí kan wà láàárín ìlú Kairo tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń jókòó sí láti àárọ̀, kí ẹni tó ń kó èrò fún fíìmù tó wá ké sí wọn: ọlọ́pàá mẹ́fà, àlejò ìgbéyàwó ogún, òkú kan. Bí wọ́n bá ń dúró, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń sọ láti ọdún dé ọdún, ìyẹn ni pé ta ni òṣèré tó ga jù láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá sinimá sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ti tú ọ̀rẹ́ ká. Ó ti mú kí ọkùnrin méjì tó jọ ń ṣe ọlọ́pàá nínú fíìmù fún ogún ọdún máa gba ojú ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lọ sílé. Àwọn kan ní Anwar Labban ni, ọba ẹkún, ẹni tí omijé rẹ̀ máa ń dúró létí ojú bí ẹni ń ronú kó tó já bọ́. Àwọn kejì ní Kamil Shabrawi ni, aláwàdà tó jẹ́ pé kó kàn ti orí wọ ẹnu ilẹ̀kùn lásán, ẹ̀rín á ti pa gbogbo èèyàn.

Ẹ̀yìn Shabrawi ni Shahata wà, ẹ̀rí tó sì ń mú wá, kò sẹ́ni tó lè mú irú rẹ̀ wá. "Ẹ̀yin ń wo ojú wọn," á ní. "Ihò imú wọn ni èmi ń wò." Ó ní lọ́jọ́ kan, òun kú sójú títì, wọ́n sì wọ bàtà tó dára sí òun lẹ́sẹ̀. Shabrawi tẹríba láti wo òkú náà, ojú rẹ̀ kún fún ìbànújẹ́ níwájú kámẹ́rà, ó sì rọra sọ̀rọ̀ sí òun létí: "Rọra o. Bàtà mi ló wà lẹ́sẹ̀ ẹ yẹn, má wọ̀ ọ́ lọ sọ́run." Shahata ní òun bu ahọ́n jẹ títí ẹ̀jẹ̀ fi yọ, kí òun má bàa rẹ́rìn-ín. Ẹni tó lè pa òkú lẹ́rìn-ín, bí kì í bá ṣe òun ló ga jù, ta wá ni?

Ọ̀rọ̀ eré ni gbogbo èyí, títí ó fi kan Rawya.

Rawya ni ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí Shahata bí. Ilé òògùn ló ti ń ṣiṣẹ́, ibẹ̀ ni Hazem sì ti rí i. Hazem ń tún fíríìjì ṣe. Ó wá tún fíríìjì ilé òògùn náà ṣe lẹ́ẹ̀kan nítorí pé ó bàjẹ́, ó sì padà wá lẹ́ẹ̀mẹ́rin nígbà tí kò ṣe é ní nǹkan kan. Ọmọ dáadáa ni, ojú ń tì í, ó sì ti rí iṣẹ́ sí Kuwait fún ọdún méjì. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọkọ̀ òfurufú rẹ̀. Ohun tó fẹ́ kò pọ̀: kí àwọn òbí méjèèjì ka Fátíhà kó tó lọ, kí gbogbo ayé mọ̀ pé a ti fẹ́ Rawya sọ́nà fún un.

Ṣùgbọ́n Bayyumi ni bàbá rẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún ni Bayyumi fi wà nínú yàrá kékeré òkè sinimá kan ní Shubra, tó ń yí ẹ̀rọ tó ń gbé fíìmù sára ògiri, títí wọ́n fi wó sinimá náà tí wọ́n sì ń ta bàtà níbẹ̀. Ọkùnrin gíga ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ó sì gbà pé kò sẹ́ni tó rí sinimá ju òun lọ. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ wá sílé Shahata, tíì ò tíì tutù tí Shahata ti bi í pé ta ló ga jù. Bayyumi ní Labban. Shahata rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín lásán ni, kò sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n Bayyumi gbé tíì rẹ̀ sílẹ̀ láàbọ̀, ó kó ìyàwó àti ọmọ rẹ̀, ó bá tiẹ̀ lọ. Ẹni tó bá gbé tíì sílẹ̀ láàbọ̀ nílé èèyàn ní Shubra, kò sí èébú tó tún kù tí kò tíì bú.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni àwọn ìyá méjèèjì fi bẹ àwọn ọkọ wọn kí wọ́n tó gbà láti tún rí ara wọn. Wọ́n wá ṣe òfin: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dárúkọ sinimá, òṣèré, tàbí ohunkóhun tó jọ ọ́. Ọjọ́ Jímọ̀ lẹ́yìn ìrun Àsárì ni wọ́n fi sí, Lèmọ́mù Mitwalli láti mọ́ṣáláṣí igun títì ni yóò sì ṣáájú Fátíhà.

Ọjọ́ náà pé. Inshirah ti yọ wáyà tẹlifíṣọ̀n lára ògiri, ó da aṣọ bò ó, ó sì gbé ìkòkò òdòdó lé e lórí. Ó ti po ṣarbáàtì, omi ṣúgà pupa tó ń ta sánsán bí òdòdó, tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fẹnu kàn kí wọ́n tó ka Fátíhà tán. Ife méjìlá ló tò sórí ọpọ́n. Bàbá ọmọkùnrin àti bàbá ọmọbìnrin á gbé ọwọ́ sókè, wọ́n á kà á pọ̀, wọ́n á ṣe àmín, wọ́n á fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú, ó parí, Rawya ti di ti Hazem kódà bó wà ní Kuwait. Bí wọn ò bá sì kà á lónìí, Ìyá Hazem ní ọmọ àbúrò kan ní Mansura tó mọ oúnjẹ sè, tí kò sì tíì lọ́kọ, kò sì fi ìyẹn pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Lèmọ́mù kò tètè dé. Ẹnì kan ti wọ bàtà ẹnì kejì lọ lẹ́nu mọ́ṣáláṣí, wọ́n sì dá Lèmọ́mù dúró kó wá dájọ́. Àwọn bàbá méjèèjì jókòó, wọ́n dojú kọ ara wọn. Wọ́n sọ̀rọ̀ tòmátì. Wọ́n sọ̀rọ̀ ooru. Wọ́n padà sórí tòmátì. Hazem ń fi aṣọ ìnujú nu àtẹ́lẹwọ́. Rawya wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó wọ aṣọ búlúù tí òun àti ìyá rẹ̀ fi alẹ́ mẹ́fà rán, kò sì mí dáadáa ju bí bàbá rẹ̀ ṣe ń mí lẹ́nu iṣẹ́ lọ.

Ohun tí Inshirah gbàgbé ni pé ọjọ́ Jímọ̀ ni, ilé kọfí sì wà nísàlẹ̀ ilé wọn. Ní gbogbo ọ̀sán Jímọ̀ ni tẹlifíṣọ̀n máa ń fi fíìmù àtijọ́ hàn. Fèrèsé sì ṣí sílẹ̀ nítorí ooru.

Ohùn Anwar Labban gun ojú fèrèsé wọlé bí àlejò tí a kò pè. "Àbúrò mi," ohùn náà ní, "ta ló ní kí o sùn ṣáájú mi?"

Ọwọ́ Bayyumi tó mú bisikíìtì dúró sójú afẹ́fẹ́. Inshirah sáré lọ ti fèrèsé, ṣùgbọ́n igi rẹ̀ ti wú, kò ṣeé tì.

"Ẹ gbọ́ ọ," Bayyumi ní, ó di ojú. "Ẹ kàn gbọ́ ọ ná."

"Tòmátì yẹn ńkọ́, Bàbá?" ni Hazem wí.

"Ọjọ́ mọ́kànlélógójì ni mo fi fíìmù yìí hàn. Kò sí ọjọ́ kan tí gbogbo ilé ò sunkún. Kò tún sí òṣèré tó lè sunkún bẹ́ẹ̀ mọ́ láyé yìí."

Shahata wo ìyàwó rẹ̀, ó wo ọmọ rẹ̀, ó wo ife méjìlá lórí ọpọ́n. Ẹ bá mi káàánú rẹ̀. Ó ti fi ọgbọ̀n ọdún dákẹ́ níwájú kámẹ́rà, kò wá lè dákẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún níwájú àna.

"Alùbọ́sà ni," ó ní, jẹ́jẹ́.

"Kí lẹ wí?"

"Mo ní alùbọ́sà ni. Inú aṣọ ìnujú rẹ̀ ló ń fi í sí. Nígbà tó sún mọ́ mi, díẹ̀ ló kù kí omi máa dà lójú tèmi náà."

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bayyumi dìde. Ó ní àwọn tó ń fi gbogbo ọjọ́ jókòó sílé kọfí ló máa ń mọ ọ̀rọ̀ òṣèré jù. Shahata ní ó sàn ju ẹni tó ń fi ihò tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ wo ayé. Bayyumi ní aláwàdà Shabrawi yẹn, ọ̀bọ ló yẹ kó máa bá ṣeré. Lórí ọ̀bọ yìí ni wọ́n ti gbàgbé "ẹ" tí wọ́n ń bá ara wọn sọ, "o" ni wọ́n ń sọ síra wọn. Ìyá Hazem di ọkọ rẹ̀ mú ní apá aṣọ, Hazem ń bẹ̀bẹ̀, kò sì sẹ́ni tó gbọ́ ohun tó ń wí. Bayyumi ti ń wá bàtà.

Rawya kò sunkún. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í kó ife ṣarbáàtì kúrò lórí ọpọ́n, méjì méjì, ó ń gbé wọn padà sí ilé ìdáná láìwo ojú ẹnikẹ́ni. Ìyẹn ló dun Shahata ju gbogbo èébú lọ. Ó dùn ún débi pé ohun tí kì í sọ fún àlejò já bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Èmi ni òkú yẹn," ó ní.

Bayyumi dúró pẹ̀lú bàtà kan lẹ́sẹ̀. "Òkú wo?"

"Àbúrò Labban. Èyí tó sùn sórí ẹní tí Labban ń ké lé lórí, tí ẹ ń gbọ́ nísàlẹ̀ yìí. Èmi ni."

Bayyumi wo orí pípá rẹ̀, ó wo ikùn rẹ̀. "Òkú yẹn rẹwà," ó ní. "Òkú yẹn tín-ín-rín."

"Ọdún mẹ́rìnlélógún nìyẹn. Ìwọ náà ò sanra sí i ni?"

Bayyumi wo ojú rẹ̀ dáadáa. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀. "Mo mọ òkú yẹn ju bí mo ṣe mọ ìyàwó mi lọ."

"Ju ta ni lọ?" Ìyá Hazem béèrè.

Bayyumi nawọ́ sí kápẹ́ẹ̀tì. "Ìṣẹ́jú mẹ́ta àti ààbọ̀ ni Labban fi sunkún lé e. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, ẹ dùbúlẹ̀. Mo máa wò yín títí ó fi pé. Bí àyà yín bá gòkè, bí ojú yín bá mì, bí ẹ bá mi ìka kan, ilé mi ni mò ń lọ, Hazem ò sì ní padà síbí mọ́. Bí ẹ bá ṣe é, mo jókòó de Lèmọ́mù."

Rawya dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná pẹ̀lú ife méjì lọ́wọ́. Hazem tú aago ọwọ́ rẹ̀. Shahata bọ́ fìlà, ó dùbúlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì, ó la àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún sílẹ̀ bó ṣe là á nígbà yẹn, ó yí ẹyinjú sísàlẹ̀, ó sì kú.

Kò tíì kú ikú tó le tó bẹ́ẹ̀ rí. Ẹyẹlé méjì tó jẹ lọ́sàn-án ń bá a sọ̀rọ̀ nínú ikùn. Kò sí kẹrosíìnì lẹ́yìn etí rẹ̀, eṣinṣin kan sì ti rí i, ó ń rìn lọ rìn bọ̀ ní iwájú orí rẹ̀ bí onílé. Ó gbọ́ tí eékún Bayyumi ró bó ṣe kúnlẹ̀ tì í. Ó gbọ́ Labban nísàlẹ̀ tó ṣì ń ké. Ìṣẹ́jú kan kọjá. Ó ń ro Rawya, ó ń ro ife tó ń padà sílé ìdáná, ó sì ń mí lẹ́yìn lẹ́yìn bí ẹni ń jí i mu.

Omi gbígbóná kan wá kán sí i lẹ́rẹ̀kẹ́. Shahata, ẹni tó mọ òórùn omijé gbogbo òṣèré ilẹ̀ Íjíbítì, fi imú wá alùbọ́sà títí, kò rí i.

"Ramzi," Bayyumi ní.

Nínú yàrá yẹn, Ìyá Hazem nìkan ló mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àbúrò Bayyumi ni. Ó bá wọn lọ sógun Sínáì, wọn ò dá a padà láàyè, wọn ò sì dá òkú rẹ̀ padà. Kò ní sàréè. Òjò ọdún yẹn ni fíìmù náà wọ Shubra, Bayyumi sì ń ti inú ihò kékeré òkè yẹn wo ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó tín-ín-rín tó sùn sórí ẹní, lẹ́ẹ̀mẹ́rin lóòjọ́, fún ọjọ́ mọ́kànlélógójì. Kò sẹ́ni tó bá a sin Ramzi. Ibẹ̀ ló ti ń sin ín.

"Ramzi, àbúrò mi," ó tún ní, ó mú ọwọ́ Shahata, ó sì bú sẹ́kún. Ẹkún àgbàlagbà ni, kò ní ẹwà kankan, ó ń hó, ó ń já. Labban ì bá gbọ́ ọ, ì bá kó alùbọ́sà rẹ̀ lọ sílé.

Fikriyya tó ń gbé lókè wọn ti fi etí lélẹ̀ láti ìrun Àsárì, kó lè jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tó máa yíhùn ayọ̀, igbe tí àwọn obìnrin ibẹ̀ ń fi ahọ́n ké bí wọ́n bá fẹ́ ọmọ sọ́nà. Nígbà tó gbọ́ pé ọkùnrin ló ń ké, ó sáré sọ̀kalẹ̀, ó yọjú, ó rí òkú. Ó fi igbe ta. Ní Shubra, igbe obìnrin kan kì í dá rìn. Kí ẹ tó ṣẹ́jú mẹ́ta, pálọ̀ ti kún, àtẹ̀gùn ti kún, wọ́n ti pa tẹlifíṣọ̀n nísàlẹ̀, onílé kọfí sì ti rán èèyàn lọ yá àga tí àwọn abánikẹ́dùn máa jókòó sí.

"Kò kú o," Inshirah ń wí fún ẹni gbogbo. "Iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ó ń ṣiṣẹ́ ni."

Àwọn obìnrin gbá a mọ́ra. "Pẹ̀lẹ́, Ìyá Rawya," ọ̀kan ní. "Bẹ́ẹ̀ náà lèmi náà ń wí lọ́jọ́ tí tèmi kú."

Shahata gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó mọ̀ pé òun lè dìde, kí ọ̀rọ̀ náà tán. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú ò tíì pé, ọwọ́ rẹ̀ sì wà nínú ọwọ́ Bayyumi, kò sì mọ bí èèyàn ṣe ń gba ọwọ́ rẹ̀ padà lọ́wọ́ ẹni tó ń sunkún bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ó kú títí lọ. Ó gbọ́ tí Fikriyya ń wí pé èèyàn dáadáa ni, pé òun ti fi àkàbà òun tó yá jì í. Àkàbà tó ti dá padà láti Ramadan! Ó gbọ́ ọkùnrin kan tó ń béèrè pé irú ikùn báyìí, ta ló máa gbé e gba àtẹ̀gùn tóóró yẹn sọ̀kalẹ̀. Inú bí i gidi, ṣùgbọ́n ìka kan ò mì.

"Ó ku ìṣẹ́jú kan," Hazem sọ fún Rawya kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Ìgbà náà ni Lèmọ́mù Mitwalli dé, tó ń mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀. Wọ́n là fún un. Ó rí ọ̀rẹ́ rẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì, ojú rẹ̀ kọ́rẹ́. "Inná lílláhì," ó ní. "Àní àná la jọ mu tíì. Ẹ gbé ọwọ́ sókè, ẹ jẹ́ ká ka Fátíhà."

Gbogbo wọn gbé ọwọ́ sókè. Bayyumi fi ọwọ́ Shahata sílẹ̀, ó gbé tiẹ̀ náà sókè. Hazem gbé ọwọ́ sókè pẹ̀lú aago nínú rẹ̀. Inshirah pàápàá gbé e sókè, nítorí kò sí ẹni tí à ń ka Fátíhà níwájú rẹ̀ tó máa ká ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn. Wọ́n kà á dé òpin, Lèmọ́mù sì fa ìparí rẹ̀ dáadáa.

Láti ìgbà tí Shahata ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin ni ìyá rẹ̀ ti kọ́ ọ ní ohun tí èèyàn ń ṣe bí Fátíhà bá tán. Kò rò ó. Ẹnu rẹ̀ ló ṣe é. "Àmín," òkú náà ní, tòun ti ohùn ńlá, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì nu ojú.

Ọ̀rọ̀ di bóò lọ o yà mí. Fikriyya, tí orúnkún ti ń dùn ún fún ọdún mẹ́sàn-án, fo àga kan kọjá bí ọmọ ewúrẹ́. Lèmọ́mù fi ẹ̀yìn rìn títí ó fi jókòó sínú àwo àkàrà dídùn tí Inshirah fi gbogbo òwúrọ̀ ṣe. Lórí àtẹ̀gùn, ẹnì kan ń ké pé ó ti jí, ẹnì kejì ń ké pé kò jí, ẹ sá, gbogbo àga tí wọ́n ti yá dé sì ń yí gbirigbiri lọ sísàlẹ̀.

Nígbà tí ilé dákẹ́ díẹ̀, Shahata jókòó sórí kápẹ́ẹ̀tì, ó wo Hazem. Hazem wo aago.

"Ogún ìṣẹ́jú àáyá ló kù," Hazem ní.

Shahata mọ̀ pé òun ti kùnà. Nínú gbogbo ikú rẹ̀, èyí kan ṣoṣo tó jẹ́ ti ọmọ rẹ̀ ló bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ojú tì í débi pé kò lè wo ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná.

Inshirah ló sọ̀rọ̀. "Lèmọ́mù, Fátíhà wo lẹ kà tán yẹn?"

"Ti òkú ni," Lèmọ́mù ní. Ó ń nu ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀.

"Òkú wo? Ẹ fi hàn mí."

Lèmọ́mù wò yíká.

"Kò sí òkú nílé yìí," Inshirah ní. "Bàbá ọmọkùnrin rèé, bàbá ọmọbìnrin rèé. Àwọn méjèèjì gbé ọwọ́ sókè. Ẹ̀yin tí a pè láti ṣáájú lẹ ṣáájú. Gbogbo àdúgbò ni ẹlẹ́rìí. Bàbá ọmọ mi ló sì ṣe àmín tó rinlẹ̀ jù nínú yín. Kí ló tún kù?"

Lèmọ́mù fọwọ́ ra irùngbọ̀n. Ó ní Fátíhà kì í ṣòfò, ibi tó bá bá ire ló ń dúró sí, ṣùgbọ́n àwọn méjì ló ni ín, ọ̀kan ti fẹnu ara rẹ̀ ṣe àmín, ó ku ẹnì kejì. Gbogbo wọn wo Bayyumi. Ó ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀, irunmú rẹ̀ tutù, bàtà rẹ̀ kan ṣoṣo wà lẹ́sẹ̀.

"Mo rò pé Labban ni mò ń wò," ó ní. "Ní gbogbo ọjọ́ yẹn. Mi ò tiẹ̀ wo Labban." Ó bọ́ bàtà náà, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. "A ti ka Fátíhà. Rawya, ọmọ mi, gbé ṣarbáàtì wá."

Láti ibi tó sá pa mọ́ sí lórí àtẹ̀gùn, Fikriyya yíhùn ayọ̀, ohùn náà sì gba ilé kan bọ́ sí ìkejì. Rawya da èyí tó ju ìdajì ṣarbáàtì sílẹ̀, kò sì sẹ́ni tó bá a wí. Hazem ń rẹ́rìn-ín, kò mọ ibi tó fi aago sí. Ẹni tó gbé àga abánikẹ́dùn wá béèrè bóyá kó dá wọn padà, wọ́n ní kó tò wọ́n, ìnáwó ti yí padà ni. Inú wọn dùn, orí wọn wú, kí ife àkọ́kọ́ sì tó gbẹ, ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Ta ló ga jù? Onílé kọfí ní Labban. Fikriyya ní Shabrawi. Lèmọ́mù, tí kò yẹ kó mọ nǹkan kan nípa sinimá, ní àwọn méjèèjì kò tó obìnrin kan tó máa ń ṣe ìyá, ó sì dárúkọ fíìmù mẹ́fà láìmí.

Nínú ariwo yẹn, Bayyumi fọwọ́ kan èjìká Shahata.

"Àna mi," ó ní.

"Mo ń gbọ́ yín."

"Ẹ má bínú. Ẹ bá mi dùbúlẹ̀ díẹ̀ sí i. Mi ò tíì sunkún tán."

Shahata gbé ife rẹ̀ fún Rawya, ó bọ́ fìlà, ó sì dùbúlẹ̀ padà láàárín ẹsẹ̀ àwọn èèyàn.